Ìró Odó Létí Ẹni Tó Tojú Ogun Bọ̀

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìbéèrè kan ò jẹ́ kí ọkàn mi lélẹ̀: kí ló dé tí èrò ìwòran fi máa ń bú sẹ́rìn-ín nígbà tí sójà tó ti ogun dé bá ṣubú lulẹ̀ lórí ìtàgé? Ẹ̀rín náà kì í ṣe ti ìkà. Ó máa ń jáde kí ẹni tó rín in tó mọ̀ pé òun ti rín in. Ẹni tó kọ eré retí pé ká dákẹ́ níbẹ̀, olùdarí ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan tún ibẹ̀ ṣe, òṣèré ti fi orúnkún bó nítorí ẹ̀, síbẹ̀ gbọ̀ngàn á hó gèè.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe tíátà máa ń ṣe ni pé ará ìlú ò lajú, pé àwọn aláwàdà ti ba etí wọn jẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ayé alárìnjò ni èrò wa ti ń wo eré, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n panu mọ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbi tí a ò fẹ́, àwa la ò to nǹkan bó ṣe yẹ. Ibi tí mo fẹ́ fàbọ̀ sí ni pé nínú eré sójà tó padà sílé, ìró tí ilé fi ń kí i káàbọ̀ ló yẹ kó gbé e ṣubú. Ní Èkìtì, kò sẹ́ni tí kò mọ ìró náà. Ìró odó ni.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá

Ẹ jẹ́ ká fi eré kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí òṣèré márùn-ún lè ṣe nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Sójà ìjọba àpapọ̀ ò ju nǹkan bí 10,000 lọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ò ṣeé tú ká lójọ́ kan. Kò ní ṣàjèjì, nígbà náà, bí sójà inú eré wa bá wá sílé lórí páàsì ọjọ́ 14, tó sì mọ̀ pé òun máa padà. Ẹni tó ń kọ eré ní láti di páàsì yẹn mú. Ọkùnrin tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá lè fi ọdún mẹ́wàá tún ara rẹ̀ tò, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó wo ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ní ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ di ọkọ, bàbá àti ọmọ kó tó tún wọ lọ́rì.

Àwọn tó wà nílé ni ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ìyá ọkọ, àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, nítorí náà fọ́tò ara ògiri nìkan ló mọ̀ ní bàbá. Má fi ọmọ ọdún méje gidi ṣe é o. Ojú ìyá rẹ̀ ló máa máa wá kiri láàárín èrò. Wá ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò ga.

Kó o sì ṣọ́ra fún àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó máa ń tú àṣírí eré. Náírà ò tíì dé ní 1970. Ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1973 ló dé. Pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni obìnrin alájọgbé máa fi ṣe ọmọ lóore. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ẹnikẹ́ni á fi máa dárúkọ rẹ̀, nítorí 1996 ni wọ́n tó yọ ọ́ lára Òǹdó. Abẹ́ Western State ni ilé yìí wà.

Ìdọ̀bálẹ̀ kìíní

Bí ẹni tó ti inú ewu bọ̀ bá wọlé, Yorùbá kì í kí i ní ẹ káàbọ̀ nìkan. A ó ní, "O kú ewu." Ìkíni yìí ní ìdáhùn tirẹ̀ tí àgbà mọ̀: "Ewu iná kì í pa àwòdì." Ìyá ọkọ á kí ọmọ rẹ̀, á sì dúró de ìdáhùn. Ọkùnrin náà á la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Má kọ ọ̀rọ̀ mìíràn dí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó jókòó parí òwe náà fún un láti ibi tí wọ́n wà, bí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n sì sábà máa ń fẹ́. Nígbà yẹn ni wọ́n ti kó sí i, nítorí wọ́n mọ ohun tó yẹ kó sọ, wọ́n sì rí i pé kò lè sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ló máa dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà kan ilẹ̀, kí ìyá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn kó tó dìde. Àwọn ọ̀dọ́ òṣèré máa ń fi ìka kan ilẹ̀ lásán bí ẹni tó ń mú owó tó bọ́. Bí olùdarí bá gbà wọ́n láyè, ó ti ba ìran kẹta jẹ́ láìmọ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí àyà rẹ̀ kàn. Ibẹ̀ gan-an ni yóò tún bọ́ sí nígbà tí odó bá dún. Mo rò pé ohun tó lágbára jù tí ìtàgé lè ṣe nínú eré yìí nìyẹn, kò sì náni ní kọ́bọ̀: ara kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀wọ̀, lẹ́ẹ̀kan fún ìpayà, láìsí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Kí ló ṣe ìbọn inú ẹ̀rọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi ìró ìbọn sínú fóònù, wọ́n á so ó mọ́ sípíkà. Ìró náà máa ń ti igun gbọ̀ngàn wá dípò inú ilé tí eré ti ń lọ, gbogbo èèyàn á sì yíjú wo ọmọ tó jókòó ti ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń yin báńgà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Èyí burú ju ti ẹ̀rọ lọ. Aṣọ ìkélé lè gbiná, ẹnikẹ́ni tó sì ti rí ogun tàbí olè abìbọn rí lè wà láàárín èrò, tí wọn ò sì kìlọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Ká tiẹ̀ ní ó dún dáadáa, àléébù kan ṣì wà níbẹ̀. Bí ìbọn bá dún, ta ni kò ní í dojú bolẹ̀? Èmi àti ìwọ náà á ṣubú. A ò rí nǹkan kan mọ̀ nípa ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ odó ló dún, oúnjẹ làwa gbọ́, ogun lòun gbọ́, àlàfo tó wà láàárín etí tiwa àti tirẹ̀ ló sì gbé eré náà dúró.

Èkìtì ti mọ̀ tipẹ́ pé etí ni ogun máa ń gbé. Ogun tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn ò tú ibùdó ká títí di 1893, wọn ò fi orúkọ ọba kankan pè é. Kírìjì ni wọ́n ń pè é, bí ìbọn ṣe ń dún láàárín òkè.

Bí odó ṣe ń sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni nǹkan ti ń bà jẹ́ jù. Iṣu máa ń tó ìdajì wákàtí lórí iná kó tó rọ̀, ìran náà ò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Sè é sílẹ̀ ṣáájú, láìfi iyọ̀ sí i, kó o dé e mọ́ inú kúlà. Ègé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó. Iṣu funfun ni o. Ewùrà ò ní ṣe é. Bí iṣu bá tutù kó tó dé inú odó, kókó ni yóò kún inú rẹ̀, kò sì ní fà. Àwọn kan á ní ta ló ń wo inú odó, ẹ jẹ́ ká gún òfìfo. Gbogbo obìnrin tó jókòó ló ń fi etí wò ó. Odó òfìfo máa ń dún kó-kó-kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, igi lu igi, ọmọ odó á sì máa ta padà sókè.

Iyán gidi máa ń yí ohùn padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́ iṣu, ó máa ń dún fù, fù, bí ẹni ń tẹ ewé gbígbẹ. Bí ó bá ti ń para pọ̀, ó di gbì, gbì, ohùn abẹ́ ikùn. Nígbà tó bá kúnná, tí wọ́n ti wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, á máa dún pà, pà, bí ìgbátí. Ohùn kejì lo fẹ́. Òṣèré tó ń ṣe ìyàwó gbọ́dọ̀ mọ iyán gún ní ti gidi, kó lè mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú ìwọ̀n iṣu tí mo sọ yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ kí odó tó gbé bàbá ṣubú gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣẹ́jú méjì yẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, iyán á ti kúnná, ohùn á ti rọ̀, àyà ò ní já ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ tí odó dúró lé náà ń kó ipa tirẹ̀. Bí ìtàgé bá jẹ́ pákó tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, gbé odó lé e bẹ́ẹ̀, pákó á di ìlù, àwọn tó jókòó níwájú á sì gbọ́ ọ látàtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n odó á máa rìn, á máa sún díẹ̀díẹ̀ lọ sétí ìtàgé. Kan igi pẹlẹbẹ mẹ́ta yí ìdí rẹ̀ ká. Má gbé lántànì sórí pákó kan náà, torí ó máa jó títí tó máa fi ṣubú. So ó kọ́ sókè. Bí ilẹ̀ gbọ̀ngàn bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ìró á kú. Wá pákó fífẹ̀ méjì, gbé e lé ègé igi kéékèèké kí afẹ́fẹ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀, kí odó jókòó lé e.

Ohun tó kù ni ọmọ odó kejì. Etí tó bá ti mọ ìlù kan kì í ta gìrì sí i mọ́. Bí ìyàwó bá dá gún un, gbì, gbì, gbì, láìyára láìfalẹ̀, sójà náà lè gbà á mọ́ra. Kó jókòó lórí àpótí, kó di ẹsẹ̀ àpótí mú, kí ọwọ́ rẹ̀ funfun. Ayọ̀ ló máa dá nǹkan sílẹ̀. Obìnrin alájọgbé á yọ lójú àgbàlá, inú rẹ̀ á dùn pé ọkọ ọ̀rẹ́ òun dé láàyè, á mú ọmọ odó tirẹ̀, á sì ki í bọ̀ ọ́ láìtọrọ àyè, bí a ti máa ń ṣe. Ìlù á dàrú fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí àwọn méjèèjì tó bá ara wọn mu: gbì-gbà, gbì, gbà-gbà-gbì. Láàárín ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni ara rẹ̀ máa já. Obìnrin alájọgbé ni kó di àmì fún gbogbo òṣèré. Kí ọkùnrin má ṣe ka iye ìró sínú. Ojú rẹ̀ máa ń sọ fún èrò pé ó ń kà á.

Bó ṣe ń ṣubú

Ẹni tó bá ti jáde lójú ogun kì í di etí mú kó máa lọgun. Nínú sinimá ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wólẹ̀, á sì máa fojú wá ibi tí ìró ti wá, kíá. Bí ẹnìkan bá sún mọ́ ọn, á fà á lulẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, á bò ó.

Ọmọ náà ló sún mọ́ ọn. Ó ń gbé omi bọ̀ fún bàbá nínú kọ́ọ̀pù. Ibi tí gbogbo eré yí padà nìyí, torí náà kí ìgbésẹ̀ rẹ̀ mọ́ ṣáká: ọwọ́ òsì bàbá á gba ọmọ léjìká, ọwọ́ ọ̀tún á bo orí rẹ̀, àwọn méjèèjì á lọ sílẹ̀, ara bàbá á sì wà láàárín ọmọ àti odó. Bí ara rẹ̀ bá kọjú síbòmíràn, ìtumọ̀ ti sọnù. Ẹni tó bá ń wò dáadáa ní láti lè rí i pé ó ń dáàbò bo ọmọ. Ìyàwó ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa rí ni ọkùnrin tó di ọmọ òun mọ́lẹ̀.

Fún ìdánrawò, tẹ́ fóòmù sílẹ̀, kó o sì lọ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún á kọ́kọ́ tẹ̀, ìdí á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, itan á kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà apá láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ẹni tó bá fi orúnkún gbalẹ̀ tàbí tó na ọwọ́ síwájú kó fi gbára, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ máa lọ lọ́jọ́ kan. Ọmọ ni kó máa darí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀; bàbá kàn fọwọ́ lé e ni, kò gbọdọ̀ fà á ní tòótọ́. Ọmọ odó wúwo, nítorí náà kí àwọn méjèèjì jìnnà sódó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí ẹni tó ń gún má sì gbé ọwọ́ sókè mọ́ lẹ́yìn tí bàbá bá ti mira. Omi inú kọ́ọ̀pù kó má ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Omi púpọ̀ lórí pákó máa ń yọ òṣèré tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè ṣàn lọ bá wáyà.

Ẹ̀rín ọmọ

Ìgbà yìí ni gbọ̀ngàn á rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti rò ó títí mo rí i pé kò sí bí wọn ò ṣe ní rẹ́rìn-ín. Àlàfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pé oúnjẹ làwa gbọ́, ogun lòun gbọ́, inú rẹ̀ kan náà ni àwàdà ti ń wá. Ọkùnrin gìrìwò tó sá fún ọmọ odó! Aláwàdà wo ni kò ní í fẹ́ ṣe é? "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá." Ẹ gbọ́ òwe yẹn dáadáa: a máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá ń pa á. Èdè wa ti mọ àrùn náà, ó sì ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Nítorí náà, dípò ká bá ẹ̀rín jà, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹnu tó máa gbà jáde. Ọmọ náà ni kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti ń dúró láti àárọ̀ kí àlejò inú fọ́tò yìí bá òun ṣeré. Ó wá gbé òun lulẹ̀. Eré ni! Á rẹ́rìn-ín kèékèé, gbogbo ilé á bá a rín in. Èrò ìwòran kò ṣẹ̀. Ọmọ ló pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín, nítorí bàbá ò tú ọwọ́. Ó wo ojú bàbá, bàbá ò rí i. Ẹ̀rín rẹ̀ á gé. Àwọn tó ń bá a rín in á wá gbọ́ ẹ̀rín ara wọn nínú gbọ̀ngàn tó ti dákẹ́.

Ọmọ odó ìyàwó ṣì wà lókè. Kó má sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí gbogbo wọn mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mímí ló dáa ju kíkà lọ, torí òṣèré tí àyà ń já máa ń sáré kà, ṣùgbọ́n kò lè sáré mí láìjẹ́ pé ara rẹ̀ fi hàn. Ní mímí kẹta, ìyàwó á sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ẹ wo gbólóhùn yẹn. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà yín, ṣé ẹ máa wẹ̀. "Ẹ" ti bọ́ sílẹ̀ báyìí. Kò sì sọ pé ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìgbéyàwó ti fọ́ síbẹ̀. (Ẹni tó bá ń fi ojúlówó ẹ̀ka èdè Èkìtì ṣe eré náà kó mọ̀ pé "ẹ" tí mo ń sọ yìí lè má ràn án lọ́wọ́, torí àwọn àgbà wa kì í fi bẹ́ẹ̀ lo "ẹ" fún ẹnì kan nítorí ọ̀wọ̀ bí ti ará Ọ̀yọ́. Kó gbára lé "ọmọ mi". Ó tó.)

Ohun tó lè ba mímí mẹ́ta yẹn jẹ́ jù lọ wà níta: jẹnẹrétọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ̀rọ ń hó lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Bí gbọ̀ngàn bá ní fèrèsé tó pọ̀, ṣe eré náà ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó o fi iná sólà méjì kún un, kó o pa ẹ̀rọ.

Ulé

Ohun mìíràn wà tí ìran yìí gbé wá tí mi ò fẹ́ fò. Ìyá ọkọ ò kúrò ní Èkìtì rí. Ulé ló ń pe ilé, ùlú ló ń pe ìlú, bí Adó ṣe ń pe ọdún wọn ní Ùdìrókò, tó jẹ́ pé ìdí ìrókò ni. Ọmọ rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́ta láàárín àwọn tó ti oríṣiríṣi ìlú wá, ahọ́n rẹ̀ ti yí padà. Ó dé, ó ní "ilé". Ìyá gbọ́. Kò ní sọ nǹkan kan, á kàn tún un sọ bí tirẹ̀, "ulé", jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tún kọ́là ọmọ ṣe. Òṣèré tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì máa ń fẹ́ fi "u" sí gbogbo ọ̀rọ̀, a sì máa di yẹ̀yẹ́. Kó jókòó ti ìyá arúgbó kan fún ọjọ́ méjì, kó gbọ́ bó ṣe ń lọ, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò.

Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó ti oko dé lòwe yẹn wà fún. Oko kì í yí ahọ́n èèyàn padà, kì í sì í jẹ́ kó sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹni tí a mọ̀, ẹni tí a ò mọ̀

Bí o bá gun ọ̀kadà ní Adó tí o ní Fájuyì, ọlọ́kadà ò ní bi ọ́ pé ibo nìyẹn. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ti lọ sí Kóńgò, ó ti gba Military Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà ológun, bọ̀, kí wọ́n tó pa á ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966 pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba. Ikú rẹ̀ yé wa. A mọ bí a ṣe ń kọrin rẹ̀, a mọ bí a ṣe ń fi orúkọ rẹ̀ sọ àdúgbò.

Sójà tí kò kú ni kò yé wa. Àwọn tó lọ Bọ́má nígbà ogun Hítílà padà wá, àwọn ti 1970 padà wá, àwọn ECOMOG, ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pa pọ̀ rán jáde, padà wá láti Làìbéríà àti Sierra Leone, àwọn tó ń ti Bọ̀rnó bọ̀ lónìí ṣì ń wọlé. Orúkọ tí àdúgbò máa ń fún wọn ni "wọ́n ti ṣe é", "ó ń mu igbó", "orí ẹ̀ ò pé mọ́", tàbí kí wọ́n kàn máa rẹ́rìn-ín. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ PTSD, àrùn ọkàn tí ìpayà ńlá máa ń fi sílẹ̀ lára èèyàn, sínú ìwé tí wọ́n fi ń mọ àrùn. Bàbá inú eré wa á ti fi ọdún mẹ́wàá gbé e kí wọ́n tó fún un ní orúkọ yìí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó sún mọ́ ọn ju orúkọ ilé ìwòsàn lọ, iyán náà ló sì ti wá: iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Orí ìjà àtijọ́ àti gbèsè la sábà máa ń pa á sí. Ìyá ọkọ ni kó pa á nínú eré yìí, ní alẹ́ ọjọ́ odó, nígbà tí ọmọ ti sùn tí ìyàwó sì ń di ẹrù rẹ̀. Kó pa á fún ìyàwó, kó má fi àlàyé tì í. Iyán tí wọn ò jẹ ti dì sínú odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti ní awọ lójú.

Ọmọ odó lọ́wọ́ bàbá

Bí ìran ìkẹyìn ṣe yẹ kó rí ni mo ṣì ń bá ara mi jiyàn lé lórí. Àwọn kan fẹ́ kí bàbá wọkọ̀ padà kí páàsì tó pé. Àwọn kan fẹ́ àdúrà, kí pásítọ̀ tàbí babaláwo wá tán gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èyí ló burú jù, torí ó máa ń dá èrò lójú pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí ìyàwó gbé ọmọ odó fún un.

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀ kò le. Ìró tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń dá kì í já a láyà tó èyí tó ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá, nítorí ara ti mọ̀ kó tó dún. Ọjọ́ kejìlá, àfẹ̀mọ́júmọ́. Iṣu ti wà nínú odó. Ìyàwó na ọmọ odó sí i láìsọ̀rọ̀, ó fà sẹ́yìn, ó dúró síwájú ọmọ. Bàbá dúró sórí àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí, bàtà sójà ṣì wà níbẹ̀. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró, ó wo ẹ̀yìn. Ó tún gún un.

Ẹni tó ń darí iná ni kó máa ka èyí. Mẹ́rin tó, kí iná kú nígbà tí ọmọ odó bá ń lọ sókè fún ìkarùn-ún. Bí o bá jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, èrò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.